Èédú Tó Yí Sọ́wọ́ Òsì

"Who skim Monday metal?"

Ẹnjiníà Obiora, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́, kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ìka kan ṣoṣo ló fi ti họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, irin tó máa ń di táyà mú, síwájú lórí tábìlì, họ́ọ̀bù ọ̀hún sì ti là sí méjì bí obì. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó dúró níwájú rẹ̀ na ọrùn wò ó. Bí alumíníọ̀mù tó dára bá là, ojú ibi tó ti là máa ń funfun, á máa dán. Èyí ní ìlà dúdú kan láàárín, ó gùn láti etí kan dé ìkejì. Ìdàrọ́ ni, ìyẹn èérí tó máa ń léfòó sójú irin yíyọ́, tí ẹni tó ń skim gbọ́dọ̀ ré kúrò. Ó ti bá irin jáde nínú iná ìleru, wọ́n sì ti dà á mọ́ họ́ọ̀bù.

"Na me, Oga," Bàbá Fìrdáúsì dáhùn. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Baba, how many years you don do this work?"

"Thirty-one, Oga."

"And you no fit comot ordinary dirt."

Bàbá Fìrdáúsì tẹjú mọ́ ìlà dúdú náà. Ìbráhìm Bẹ̀llò lorúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni kò ti sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ adàrin ló sì ti kọ́ṣẹ́. Ẹnjiníà ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀ jọ, lẹ́tà rẹ̀ á jáde ní agogo méjìlá. Bàbá dá fìlà padà sórí, ó kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Súlìyát di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń fi èékánná ha àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òun ni ọ̀gá iná ìleru ní ilé iṣẹ́ ìdàrin yìí ní Oba, ìlú kan nílẹ̀ Íbò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lórí àgbàlagbà tó ti ń yọ́ irin kí wọ́n tó bí i! Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di ọ̀gá. Tẹ́lẹ̀, Bàbá Fìrdáúsì ló máa ń fi ọ̀pá gígùn ro irin náà, òógùn á máa ṣàn dé inú bàtà rẹ̀, nítorí bí a kò bá ro irin yíyọ́, òkè á gbóná jù, ìsàlẹ̀ á sì tutù. Lọ́dún tó kọjá ni ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà rò ó. Ẹ̀rọ náà kì í fọwọ́ kan irin rárá. Abẹ́ ìleru ló dùbúlẹ̀ sí, wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin gbàǹgbà. Bí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì bá ti wọ inú rẹ̀, agbára òòfà á la ìsàlẹ̀ ìleru kọjá, irin yíyọ́ á sì máa yí fúnra rẹ̀, bí ẹni pé àǹjọ̀nnú kan ló ń rò ó. Bàbá Fìrdáúsì ló sọ ẹ̀rọ náà ní Ọmọrogùn Àìrí. Súlìyát, tó kọ́ iṣẹ́ iná ní polí, nìkan ló mọ̀ ọ́n lò.

"Nonso," Ẹnjiníà tún pè. "Tuesday and yesterday, na you skim am?"

"Yes, sir. My own clean. Dirt no even plenty."

Ọ̀rọ̀ náà gún Súlìyát létí. Kí ló dé tí ìdàrọ́ kò pọ̀? Irin kan náà ni wọ́n ń yọ́, àwọn pànù àlòkù àti ẹ̀yà ara mọ́tò tó ti bàjẹ́, èérí wọn kì í sì í ṣàì pọ̀. Bí kò bá sí lẹ́nu ọ̀nà ìleru níbi tí Nonso ti ń ré e kúrò, ibo ló wá wà?

Ẹnjiníà ní kí wọ́n pe oníbàárà pé kó dá họ́ọ̀bù ọjọ́ Ajé padà. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti àná, igba àti ogún, mọ́tò á kó wọn lọ kí aago kan tó lù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Súlìyát.

"Nne, your machine nko? E dey okay?"

"Green light, sir," ni Súlìyát wí.

Kì í ṣe irọ́. Iná aláwọ̀ ewé ló ń tàn lára pátákó ẹ̀rọ náà lóòótọ́. Ẹnjiníà mi orí pé ó dáa, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Bí Súlìyát ṣe ń jáde ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, Àjọkẹ́ aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí Upper Iweka.

"Súlìyát, ṣé o ti gbọ́? Kẹ̀kẹ́ ti gbé Zàhrát ṣubú láàárọ̀ yìí o!"

"Zàhrát wo, Màámi? Àǹtí Zàhrát onídìrí?"

"Òun mà ni. Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́, táyà iwájú sì yọ lọ. Wọ́n ní nǹkan tó di táyà mú ló là. Apá rẹ̀ ti kán, apá ọ̀tún, Súlìyát! Ọwọ́ tó fi ń dirun! A wà ní ọsibítù báyìí, ó ń ké bí ọmọdé."

Súlìyát dúró lójú ọ̀nà. "Màámi, nǹkan tó là yẹn, ṣé tuntun ni?"

"Kí ló kàn mí nínú ìyẹn? Dẹ́rẹ́bà ló ń sunkún pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Gbọ́, ọmọ mi, bó o bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, má wọ kẹ̀kẹ́. Wá ọkọ̀ ńlá wọ̀. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó rìn lọ sídìí pátákó ẹ̀rọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn pátákó náà, ó sì wo inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ohun tó máa bá níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni eku jẹ wáyà ẹ̀rọ náà. Oníṣẹ́ iná wọn ti lọ sí ìsìnkú ìyá ìyàwó rẹ̀, ìsìnkú àwọn ará ibí yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Súlìyát ní òun á ṣe é fúnra òun. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ náà: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Wáyà dúdú nìkan ló rí rà. Kò dààmú. Ó yọ òwú ìránṣọ ìyá rẹ̀ nínú báàgì, ó so òwú pupa, yẹ́lò àti búlúù mọ́ imú wọn kó lè dá wọn mọ̀, ó sì fà wọ́n gba inú páìpù. Nígbà tí wọ́n yọ lódìkejì, òwú pupa nìkan ló ṣẹ́ kù. Méjì ti já sínú páìpù.

Ṣé ó yẹ kó tún wọn fà? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀nà Upper Iweka tó máa gbà délé sì ti ń dí. Ó mú ọ̀kan, ó ní yẹ́lò lèyí, ó mú èkejì, ó ní búlúù nìyí. Gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kan iṣẹ́ iná ló mọ̀ pé bí méjì nínú mẹ́ta bá pààrọ̀ ipò, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n á máa yí sẹ́yìn. Iná aláwọ̀ ewé á sì tàn bákan náà, nítorí iná ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Lọ́jọ́ Ajé ó rí i pé ó tàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀tún ni irin gbọ́dọ̀ máa yí sí, kó lè máa gbé ìdàrọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń ré e. Bó bá yí sí òsì, ojú ihò tí irin ń gbà jáde ni á máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí i? Ojú irin yíyọ́ ń dán bíi díńgí. Yálà ó ń yí sọ́tùn-ún ni o, yálà ó ń yí sósì ni o, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ọ̀nà tó ń gbà mọ̀ ọ́n, Súlìyát sì ti kà á léèwọ̀ fún un.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ló bá a. Bàbá Fìrdáúsì ti ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó ń fi okùn di kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ mọ́ ọn. Súlìyát kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Èédú tí ẹ jù sójú irin lọ́jọ́ Ajé."

"Èédú wo?" Bàbá kò wò ó. "Ṣé èyí tí o ní mo fi ń ṣoògùn?"

Súlìyát tẹrí ba. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹnjiníà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sí ìdọ̀tí kankan nínú irin, òun náà sì ti sọ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì pé kó yé ju èédú. Nígbà tó tún rí ọwọ́ dúdú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo wọn: "Ṣé oògùn lẹ ń ṣe sínú irin mi ni?" Ó ní kí Nonso gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ ní Íbò lẹ́yìn náà, kó má bàa sí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ foríjì mí, sà."

"Irin yíyọ́ kì í sọ ibi tó ń lọ fún èèyàn," ni Bàbá wí. "Bàbá mi ló kọ́ mi. O ju ègé èédú kékeré kan sí i, á léfòó, á sì sọ fún ọ. Kó tó jóná tán, o ti rí ohun tó o fẹ́ rí. Oògùn tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Níbo ló yí sí?"

Bàbá fa okùn le. "Ọwọ́ òsì."

Súlìyát gbé ojú sókè. "Ẹ rí i, Bàbá? Ẹ rí i lọ́jọ́ Ajé, ẹ ò sì sọ?"

"Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Ó wò ó wàyí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo bá pa ẹnu mi dé. Mo ní kò burú, ẹni tó lọ sí polí á rí i fúnra rẹ̀. Inú ló bí mi, Súlìyát. Èmi àgbàlagbà jókòó sábẹ́ igi yìí, mò ń retí kí ojú tì ọ́. Mo rò pé wọn á wo họ́ọ̀bù náà kí wọ́n tó tà á. N ò mọ̀ pé ó máa dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ló mú mi."

Súlìyát sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wáyà dúdú, òwú ìyá rẹ̀, páìpù, àti bó ṣe fi ojú yan ọ̀kan nínú méjì. Omijé ń bọ́ sórí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Dákẹ́. Nu ojú rẹ. Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí."

"Jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Fìrdáúsì ti ń ṣiṣẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ ti jáde ilé ìwé. Èmi náà jẹ̀bi tèmi, jẹ́ kí n gba lẹ́tà yẹn kí n máa lọ sílé. Bí wọ́n bá lọ jẹun, tún wáyà rẹ so. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá lé obìnrin kúrò nídìí irú iṣẹ́ yìí, ta ló tún máa gbà á?"

Ẹ jẹ́ ká má purọ́: inú Súlìyát dùn. Ìdùnnú náà wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù, ojú sì tì í pé ó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí fèrè mọ́tò ńlá dún lẹ́nu géètì.

Bàbá gbójú sókè. "Kí ni wọ́n ń kó?"

"Họ́ọ̀bù. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti àná."

"Ti kí ni?" Kẹ́tù bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. "Ṣé wọn ò dá wọn dúró ni?"

"Wọ́n ní wọ́n mọ́. Wọ́n ní Nonso ló ré ìdàrọ́ wọn."

"Ìdàrọ́ wo ni Nonso rí ré? Inú họ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀ wà!"

Igba àti ogún. Kẹ̀kẹ́ kan, họ́ọ̀bù iwájú kan. Súlìyát rò ó bó ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀: kẹ̀kẹ́ tó ń kó ọmọ ilé ìwé lọ sí GRA, èyí tó ń kó àwọn ìyá ọlọ́jà, èyí tí ìyá òun fúnra rẹ̀ máa ń wọ̀ bí orúnkún bá ń dùn ún. Lẹ́tà Bàbá Fìrdáúsì kò lè dá ìkankan nínú wọn dúró. Bí òun bá dákẹ́, òun mọ̀, wọ́n á máa là lọ́kọ̀ọ̀kan ni, lójú títì, òun á sì máa gbọ́ ìròyìn wọn lórí fóònù.

Ó dìde, ó sáré.

Mọ́tò ti kọrí síta nígbà tó dé ẹnu géètì. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì, ó yọ orí síta, ó sì bú u ní Íbò, èébú tó gùn débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rẹ́rìn-ín.

"Biko, gbadata!" Súlìyát pariwo padà ní Íbò, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. "Biko! Oga Obiora!"

Ẹnjiníà jáde pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó wo mọ́tò, ó wo ọmọbìnrin tó ń mí gúlegúle níwájú rẹ̀.

"Wetin be this?"

"Sir, make the motor wait. Abeg. Come see the furnace first."

Bóyá ojú rẹ̀ ló rí ni, kò jiyàn. Ó juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà, ó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ìleru, Bàbá Fìrdáúsì ti wà níbẹ̀. Nonso gbé ilẹ̀kùn sókè, ooru sì lù wọ́n lójú. Irin yíyọ́ dúró nínú, ó ń dán, ó dákẹ́ rọ́rọ́ bí omi inú agbada.

"Bàbá, ẹ fún mi lẹ́yọ kan," ni Súlìyát wí.

Bàbá ki ọwọ́ sápò. Èédú kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Súlìyát jù ú sáàárín irin. Èédú náà dúró díẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò wá sọ́dọ̀ wọn. Ọwọ́ òsì ló yí sí, ó rìn lọ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ògiri, ó sì lọ dúró lójú ihò tí irin ń gbà jáde. Nígbà tí wọ́n tẹjú mọ́ ibẹ̀, wọ́n rí i pé kì í ṣe òun nìkan ló dúró síbẹ̀. Ìdàrọ́ ti kóra jọ síbẹ̀ nípọn, bí èépá.

"Chineke," ni Nonso wí.

Ẹnjiníà kì í ṣe òpè. Ó wo èédú, ó wo pátákó ẹ̀rọ tí iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀.

"Who connect this machine?"

"Na me, sir. Saturday. I no sure of the wire and I no check am." Kò dúró níbẹ̀. "From Monday reach today, all of them get dirt inside. No be Baba."

"Na me too, Oga," Bàbá Fìrdáúsì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "I see am for Monday. I close my mouth."

Ẹnjiníà wo àwọn méjèèjì. Ó ti fa fóònù yọ, ó ń pe oníbàárà. Kó tó gbé e sétí, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Súlìyát. Súlìyát mọ ohun tó ń béèrè. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà kò wúwo, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ mọ̀ pé ó ti lọ.

"Sir, make I correct am before I go. E no go reach ten minutes."

Ẹnjiníà ronú, ó ṣí pátákó náà fúnra rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Do am. Then two of you, come my office." Ó jáde lọ síbi tí mọ́tò wà, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù pé họ́ọ̀bù kan kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ti dè mọ́ kẹ̀kẹ́.

Wọ́n pa iná ẹ̀rọ. Bàbá Fìrdáúsì ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, Súlìyát tú wáyà méjì, ó gbé èyí sí ipò tìyẹn, ó sì dè wọ́n le. Nígbà tó ṣe tán tó sì tan ẹ̀rọ padà, Bàbá mú ègé èédú mìíràn jáde, ó nà án sí i.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jù ú, sà," ni Súlìyát wí, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná níwájú Nonso.

Bàbá kò sọ pé kó dìde kíákíá. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, bí àgbà tí nǹkan dùn lóòótọ́, kó tó fà á lápá. Lẹ́yìn náà ló ju èédú. Wọ́n tẹ̀ síwájú pọ̀, wọ́n ń wò ó. Ó dúró, ó mì, ó sì yí sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń bọ̀ wá bá wọn pẹ̀lú ìdàrọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nonso na ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ré e.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Jẹ́ ká lọ gbọ́ tiwa."

"Ẹ máa lọ, Bàbá, mò ń bọ̀."

Súlìyát jáde síta, ó sì pe ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbé e lọ́gán, ariwo ọsibítù sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Súlìyát? Ṣé kò sí o?"

"Màámi, ọsibítù wo lẹ wà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o ò sí níbi iṣẹ́ ni?"

"Mo wà níbi iṣẹ́, mà. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ lónìí, bó ti wù kó rí. Ẹ sọ fún Àǹtí Zàhrát pé mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa nǹkan tó là yẹn tí mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún wọn."